Dísìkì tí Christopher Akínwọlé Fi Eyín Gbọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run alààyè tí ó so ẹ̀mí Christopher Akínwọlé ró, tí kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kún orúkọ àwọn tí a sun lójú ọjà láìmọwọ́mẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ṣì wà ní Anglo Jos bí a ti ń kọ èyí ní ọdún 1989. Etí rẹ̀ ọ̀tún ti kú, egungun ìhà rẹ̀ méjì sì so pọ̀ ní wíwọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹni tí ó rí i ní ọjọ́ náà kò ní bú wa pé ọpẹ́ ni a fi ṣíwájú ìtàn.

Jos ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀ fi Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì sílẹ̀ ní ọ̀dọ́, ó gòkè wá síbi tí òtútù ti ń mú eyín gbá eyín, ó sì di fítà níbi ìwakùsà tánganran kan lọ́nà Bùkúrù. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ń fa ẹrẹ̀ àti òkúta jáde nínú kòtò ni ó ń tọ́jú. Kò ní ohun èlò àyẹ̀wò kankan àfi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gígùn rẹ̀ tó apá ọmọdé. Yóò fi orí irin náà lé ara ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́, yóò fi eyín di ìdí rẹ̀ mú, yóò fi ọwọ́ di etí méjèèjì, yóò sì pa ojú dé bí ẹni ń gbàdúrà. Ohun tí etí kò gbọ́ nínú ariwo kòtò, egungun àgbọ̀n a gbọ́ ọ.

"Ẹ̀rọ kì í pa ènìyàn lójijì," ni ó máa ń wí fún ọmọ rẹ̀. "A kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná. Ẹni tí kò bá gbọ́ ni í pa."

Ní ọdún 1971, ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀. Christopher, tí ó ń kọ́ṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe nígbà náà, ti gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ̀ ní kùsà, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí arúgbó náà yọ irin lẹ́nu tí ó sọ fún ọ̀gá iṣẹ́ pé bíárìn ẹ̀rọ tí ń wọ́ okùn irin ti jẹ tán, pé kí wọ́n pa á kí ó tó pa ènìyàn. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Akínwọlé, bí ebi bá ń pa ọ́, oúnjẹ ni kí o jẹ, má jẹ irin." Iṣẹ́ ń lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ̀rọ náà gan, okùn irin já, ó sì fò padà bí pàṣán tí òmìrán ń jù. Ó gé lébìrà kan sí méjì ní ìbàdí. Ó ké apá òsì bàbá Christopher kúrò ní ìgúnpá, ó sì sọ ọ́ sínú ẹrẹ̀. Ọmọ náà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi di ojú ibi tí apá ti kúrò, ẹ̀jẹ̀ sì gba inú aṣọ náà wá gbóná sí i lọ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni arúgbó náà lò sí i. Kò dárúkọ ọ̀gá iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Irin rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n gbé wá, ó fi í lé Christopher lọ́wọ́, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n Christopher fi orúkọ ọ̀gá náà pamọ́ sínú ọkàn fún ọdún mẹ́tàdínlógún, bí ẹni fi ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ó fẹ́ Rhoda, olùkọ́ tí ìjọba gbé láti Oǹdó wá sí Plateau. Wọ́n bí Péjú. Ó ya ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, àwọn Hausa sì sọ ọ́ ní Mai Tafireta, oní-ẹ̀rọ-ìtẹ̀wé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí dé ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ ìhìnrere, ó ṣí wọn wò, ó rí i pé ìṣó ni ìṣó ń jẹ́, ó sì kọ́ tiwọn náà. Irin bàbá rẹ̀ kò kúrò nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀ rí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì náà wà ní Dadin Kowa. Níbẹ̀ ni Yàkúbù ń ṣiṣẹ́, àgbà katikíìsì kan láti abúlé orí òkè, tí ó ti fi ọdún méjìlá túmọ̀ Ìhìnrere sí èdè àwọn ènìyàn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni wọ́n fún un, irú èyí tí a ń ṣí bí àpótí, tí ó wúwo tó ọmọ ọdún kan bí a bá gbé e lé itan. Nínú rẹ̀ ni àwo irin kan wà tí ń yí, tí ìka irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń kọ̀wé sí, tí ó sì ń kàwé lára rẹ̀. Dísìkì ni a ń pè é. Ti Yàkúbù ti gbó, ó sì lọ́ra. Bí ó bá fẹ́ rí gbogbo ibi tí ó ti lo ọ̀rọ̀ kan, kí ó lè mọ̀ bóyá ó bára mu, yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò gba Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mẹjọ kí ẹ̀rọ tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ bí irínwó ni ó kù láti yẹ̀ wò. Ojú rẹ̀ sì ń lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1988, dókítà sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ tí ó kù kò ní kọjá àsìkò òjò.

"Mai Tafireta," ni ó wí, ó ń fi ọwọ́ wá àga tí yóò jókòó sí, "n kò bẹ̀rù òkùnkùn. Abúlé tí wọ́n bí mi sí kò ní iná. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ èdè náà dáadáa tí ó tún mọ ìwé. Bí mo bá fọ́jú kí n tó parí, a jẹ́ pé mo fi ọdún méjìlá pọn omi sínú ajádìí. Bá mi wá dísìkì tí ń sáré."

Christopher ní, "Baba, màá rí i."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ ń fẹ́ eruku bo ìlú. Christopher fa fìlà onírun bo etí, ó gba ọjà lọ. Ṣọ́ọ̀bù Olúkọ́lá ni ó kọrí sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìjẹ̀ṣà tí a bí sí Jos ni Olúkọ́lá, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan náà tí Christopher ń lọ, ó sì ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ.

"Bọ̀dá Chris, ẹ káàárọ̀. Sannu da sanyi, ẹ kú òtútù!" Ó gbé dísìkì kan kalẹ̀ nínú ọ̀rá tí ń dán. "Tuntun rèé. Ó ń sáré bí ehoro tí ajá ń lé."

"Olúkọ́lá, ehoro kọ́ ni mo wá rà. Tan án kí n gbọ́."

"Gbọ́ kẹ̀? Ẹ ẹ̀ kà á ni? Ó wà lára bébà rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ẹ ní!"

"Bébà kì í yí, àbúrò. Tan án."

Oníbàárà méjì tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù súnmọ́ wọn kí wọ́n wòran. Olúkọ́lá fi wáyà iná sí i. Christopher yọ irin bàbá rẹ̀, ó fi orí rẹ̀ lé dísìkì, ó fi eyín mú ìdí rẹ̀, ó sì pa ojú dé. Ohun tí ó gbọ́ ni ọlọ tí ń lọ òkúta. Ìka irin inú rẹ̀ sì ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí arọ tí ń gun àtẹ̀gùn. Ó tọ́ka sí òmíràn tí a fi ìwé ìròyìn wé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí ó tan ìyẹn náà. Ìyẹn ń kùn bí oyin nínú akèrègbè, ìka rẹ̀ sì ń kọjá láti etí dé etí lẹ́ẹ̀kan náà, kò kọsẹ̀.

Christopher fi èékánná họ bébà ara dísìkì àkọ́kọ́. Bébà náà ṣí. Bébà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti pọ́n, ọdún tí ó wà lára rẹ̀ sì ti jìnnà.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Olúkọ́lá, o wọ aṣọ ọmọge fún ìyá arúgbó!"

Ojú Olúkọ́lá yí. Christopher kò wò ó. Dísìkì rere tí ó rí ni ó gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ó fẹ́ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, lẹ́tà náà kéré, inú ṣọ́ọ̀bù sì ṣú. Ó ṣe bí gbogbo àwọn tí ń tún ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ ṣe ti í ṣe: ó gbé e jáde sójú oòrùn. Gbogbo ẹni tí ó ń ná ọjà náà ni ó mọ̀ pé bí o bá fẹ́ gbé ẹrù tí o kò tíì san kọjá ẹnu ọ̀nà, fìlà tàbí aago rẹ ni o kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì, kí olójà lè fọkàn balẹ̀. Ogún ọdún ni Christopher ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà òtútù mú, fìlà wà ní etí rẹ̀, ó sì gbàgbé.

Ìtìjú la ẹnu Olúkọ́lá kí ọgbọ́n tó dé ibẹ̀. "Ɓarawo! Olè! Ẹ mú un!"

Ọjà kò béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀pá àkọ́kọ́ bà á ní ẹ̀yìn ọrùn kí ó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè lólè. Ìkejì ṣẹ́ egungun ìhà rẹ̀. Ó gbọ́ ọ bí ó ti ṣẹ́, bí ẹ̀ka igi gbígbẹ. Ó dojú bolẹ̀, ó ká kò, ó sì fi ikùn bo dísìkì náà bí adìyẹ ti í bo ọmọ rẹ̀. Wọ́n rò pé olè ni kò fẹ́ jọ̀wọ́ ẹrù, èyí sì mú wọn gbóná sí i. Bàtà ń bọ̀ láti ọ̀tún, òkúta láti òsì. Ọkùnrin kan tí kò rí i rí láyé yọ irin ìdábùú ilẹ̀kùn, ó gbé e sókè, ó sì là á mọ́ ọn ní etí ọ̀tún. Nǹkan kan bú nínú orí rẹ̀ bí ìbọn. Lẹ́yìn náà, apá kan ayé dákẹ́ pátápátá, apá kejì sì ń pariwo pé, "Kawo taya!", ẹ gbé táyà wá.

Wọ́n gbé e wá. Wọ́n fi í kọ́ ọ lọ́rùn bí ẹ̀gbà. Wọ́n da pẹtiróòlù sí i lórí, ó sì ta á lójú egbò bí ata. Christopher kò rántí àdúrà kankan, òun tí ó ń ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láràárọ̀ láti kékeré. Ohun tí ó ń wí ni, "Ẹ má fọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ." Dísìkì ni ó ń bá wọn sọ. Mo gbà pé Ẹni tí ń gbọ́ ìkérora gba ìyẹn ní àdúrà.

Nígbà náà ni Nàfísátù dìde. Opó tí ń dín máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, lẹ́nu ìlà ṣọ́ọ̀bù náà ni, ẹni ọgọ́ta ọdún, kò sì fẹ́ràn Christopher. Ó gbé agolo òróró gbígbóná kúrò lórí iná, ó fi èjìká la àárín wọn kọjá, ó sì ya ẹsẹ̀ méjèèjì dúró bo ọkùnrin náà.

"Ẹni tí ó bá ṣá ìṣáná, wallahi, màá da òróró yìí sí i lára!"

"Màmá, kúrò níbẹ̀! Olè ni!"

"Olè ta ni? Ojú mi ni ó ṣe jáde. Ó gbé nǹkan náà sí oòrùn, ó kà á, ó sì yí padà láti wọlé. Ṣé inú ṣọ́ọ̀bù ni olè ń sá lọ? Ahun ni ọkùnrin yìí! Ọdún mẹ́rin ni ó ti ń kọjá níwájú mi, kò ra máásà ẹyọ kan rí. Ṣùgbọ́n ahun kì í ṣe olè!"

Ẹni tí ó mú ìṣáná lọ́wọ́ tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Nàfísátù kò kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó da òróró náà sí i lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà ké, ó fò, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ káàkiri bí àkùkọ tí a jù lókò, ìṣáná sì bọ́ sínú iyanrìn. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn gbè é. Ìbínú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ bí a ti ń bá ẹ̀rín jókòó. Ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ojú, àwọn tí ó lù ú jù ni wọ́n sì kọ́kọ́ tú ká. Kí ọlọ́pàá tó dé, ó ku Nàfísátù, táyà, àti ọkùnrin tí ń ṣẹ̀jẹ̀ lé dísìkì.

Ọjọ́ márùn-ún ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Anglo Jos, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kún pálọ̀ rẹ̀, àdá wà lábẹ́ aṣọ àwọn mìíràn nínú wọn.

"Bọ̀dá, ẹ má sọ̀rọ̀," ni ọ̀kan wí. "Ẹ kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan péré. A ó sun ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀."

Kí n má purọ́: orí náà fẹ́ẹ̀ mì. Ó rí Olúkọ́lá nínú iná, ó sì rí ọ̀gá kùsà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Ẹnu ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Yàkúbù wọlé, tí ẹnìkan fà á lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ ojú Christopher láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó kan bándéèjì etí, ó kan ètè tí ó wú.

"Nítorí ojú mi ni wọ́n ṣe fọ́ etí rẹ," ni ó wí. "Bí wọ́n bá tún sun ènìyàn nítorí rẹ̀, kí ni màá fi ojú náà kà? N kò ní lè ka ìwé náà sókè fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí òkùnkùn dé."

Christopher kò dárí ji ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó kàn jẹ́ pé orí rẹ̀ kò mì, àwọn ọ̀dọ́ náà sì kó àdá wọn lọ sílé.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Olúkọ́lá fúnra rẹ̀ wá. Rhoda ń gún iyán lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ó rí i tí ó ń bọ̀ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, kò ju ọmọ odó sílẹ̀. Olúkọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí ó tó ní "Mọ̀mí", ọmọ odó ti bà á ní èjìká, ó sì tún bà á ní ẹ̀yìn.

"Ìwọ! Ìwọ tí o ń kọrin lẹ́yìn pásítọ̀! O fẹ́ kí n lọ ṣa eérú ọkọ mi lójú ọjà?"

"Ẹ lù mí, Mọ̀mí. Ó tọ́ sí mi. Ẹ lù mí."

Ó tún gbé e sókè, orí ọmọkùnrin náà ni ó sì ń wò báyìí.

"Ìyá Péjú!" Christopher ti fi ọwọ́ di ògiri mú dé ẹnu ọ̀nà. "Ó tó. Iyán ni odó wà fún."

Ọmọ odó náà dúró lókè fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Rhoda sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó lé e lórí, ó sì sunkún.

Nínú àpò Olúkọ́lá ni dísìkì mẹ́ta wà. Ọ̀kan ni èyí tí Christopher fi ikùn bò, ara rẹ̀ ti tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ igun rẹ̀. "Èyí tí ẹ bá mú, Bọ̀dá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ gbé e lọ síbi tí ó wù yín."

Wọ́n gbé tábìlì sí àgbàlá. Christopher kò bá a rẹ́rìn-ín. "N kò tíì gbàgbé," ni ó wí. "Di wáyà yìí mú. Má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n."

Etí rẹ̀ kan ti kú, èkejì ń hó bí ìkòkò. Ó gbé irin bàbá rẹ̀ sẹ́nu. Eyín tí ó mì nínú ìlùkulù náà ro ó goro. Ó fi èyí tí ó dúró di irin mú. Ó kọ́kọ́ lé e lórí dísìkì ẹlẹ́jẹ̀ náà, ohùn oyin sì gba egungun rẹ̀ wọlé, ó yára ju méjì tí ó kù lọ jìnnà. Omi lé ròrò sí i lójú. Rhoda dìde. Gbogbo ilé mọ̀ pé ìyẹn ni ó fẹ́ mú. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni ó san lé e.

Ṣùgbọ́n kò yọ irin lẹ́nu. Ó tún gbọ́ sí i. Lábẹ́ ohùn oyin náà nǹkan kan ń họ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí èékánná eku lórí pákó. Ìka irin ti ń kan àwo. Yóò sáré fún ọ̀sẹ̀ kan, bóyá méjì, lẹ́yìn náà yóò họ ọdún méjìlá Yàkúbù dànù. Ó ti rí ọ̀gá kan rí tí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó fi rẹ́rìn-ín. Ó pa dísìkì náà, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èkejì ń lọ òkúta. Ẹ̀kẹta kò yára tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó mọ́. Kò sí ìró kankan nínú rẹ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ.

"Èyí," ni ó wí.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n kó iṣẹ́ Yàkúbù láti orí ti àtijọ́ sí orí rẹ̀. Àgbà náà tẹ bọ́tìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò tíì kan oúnjẹ òòjọ́ nígbà tí ẹ̀rọ dáhùn. Ó dákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Láti ìgbà náà, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ojúmọ́ bá ti mọ́. Ní oṣù kẹjọ, òjò ń rọ̀, ó fi imú kan ojú ẹ̀rọ, ó yẹ ọ̀rọ̀ tí ó kù wò: àánú ni. Ó kà á ní gbogbo ibi tí ó wà, ó sì ní ó pé. Kí òjò tó dá, ojú méjèèjì ti ṣú.

Olúkọ́lá lọ dúró níwájú ààrò Nàfísátù, ó sọ ohun tí ó ṣe fún gbogbo ìlà ọjà. Nàfísátù ní kí ó jókòó kí ó jẹ máásà, kí ó sì má gbàgbé pé igbe rẹ̀ ni ó mú kí òróró jó ọkùnrin tí ń tiro kọjá lójoojúmọ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀dọ̀ Nàfísátù náà ni dísìkì ẹlẹ́jẹ̀ wà. Christopher ni ó gbé e fún un, obìnrin náà sì fi ń tẹ ọmọrí ìkòkò ìyẹ̀fun rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Ahun náà sì ti ń ra máásà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí Yàkúbù parí, Christopher dárúkọ ọ̀gá kùsà sókè fún Rhoda. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà ṣì wà láyé. Wọ́n gbàdúrà fún un.

Kí Ọlọ́run tí ó yọ Christopher nínú iná fi òróró kun egungun tí ó ṣẹ́. Kí etí tí ó kù fún un gbọ́ ẹ̀rín ọmọ ọmọ. Kí apá Rhoda tí ó gbé ọmọ odó sókè tí ó sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ má ṣe rọ. Kí Péjú jogún irin bàbá rẹ̀ àgbà, kí ó má sì jogún ìbínú kankan. Kí ẹnu ọ̀nà wọn ní Anglo Jos má ṣe gbọ́ igbe "olè" mọ́, kí ó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ àlejò rere, àti ẹsẹ̀ ẹni tí ó wá tọrọ àforíjì, ni yóò máa wọ inú ilé náà títí láé. Àmín.